Ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò àṣàyàn Special Forces ti Amẹ́ríkà: kí ni kí n kọ́kọ́ gbájú mọ́?

Ọmọ Akin

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọmọ ogun orí ilẹ̀ ni mí lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ẹrù àti ohun èlò. Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí ìwé tí mo kọ pé mo fẹ́ lọ fún ìdánwò àṣàyàn Special Forces (ẹ̀ka ọmọ ogun àkànṣe), èyí tí wọ́n ń pè ní SFAS, ní Camp Mackall ní ìpínlẹ̀ North Carolina, oṣù díẹ̀ ló sì kù kí n lọ. Eré sísá kò yọ mí lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àpò ẹ̀yìn tó wúwo tó pọ́ùn 45, tí mo sì rìn ju máìlì mẹ́fà lọ, ojúgun mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, gìgísẹ̀ mi á sì lé roro. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ mi kò mọ́ máàpù àti kọ́ńpáàsì, nítorí pé ọkọ̀ la fi ń rìn ní ẹ̀ka tiwa, ẹ̀rọ ló sì ń júwe ọ̀nà fún wa. Mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Àwọn kan ní kí n máa gbé ẹrù rìn lójoojúmọ́, àwọn mìíràn ní kí n má fọwọ́ kan ẹrù rárá títí oṣù tí mo máa lọ á fi kù díẹ̀. Èwo ni kí n gbà nínú méjèèjì?

Akọni Orí Òkè

Ojoojúmọ́ ni kí o gbé e, ọ̀rẹ́ mi. Má tilẹ̀ dúró sórí 45. Bẹ̀rẹ̀ láti 60, kí o gùn ún dé 70, bí ara rẹ bá sì ti mọ́ 70, ṣe ni 45 á fúyẹ́ lẹ́yìn rẹ bí ìyẹ́ adìyẹ. Bí èmi ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí mò ń múra fún Ranger School, ilé ẹ̀kọ́ ológun tó le koko, kò sì sí egungun mi kankan tó kán.

Sájẹ́ńtì Àtijọ́

Àbúrò, jọ̀wọ́ má tẹ̀ lé ohun tí Akọni sọ yìí. Mi ò ní irọ́ ló ń pa nípa ara rẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí egungun wọn gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tí mo ti rí tí irú ìmúrasílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ba ẹsẹ̀ wọn jẹ́ kí wọ́n tó dé Mackall pọ̀ ju àwọn tó là á já lọ. Èémí àti iṣan a máa tètè mọ́ iṣẹ́ tuntun, egungun kì í tètè mọ́ ọn. Bí o bá ń gbé ẹrù wúwo lójoojúmọ́, egungun ojúgun àti ti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sán wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé o ṣubú. Ìrora náà á kọ́kọ́ tàn kálẹ̀ ní ojúgun, bí èyí tí o sọ yìí gan-an. Ọjọ́ tó bá kóra jọ sójú kan, tí o lè fi ìka kan ṣoṣo tẹ ibẹ̀ kí o sì pariwo, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà àti ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ìsinmi.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Gbé pọ́ùn 25 tàbí 30, rìn máìlì mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí o wá máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un. Ọ̀sẹ̀ tí o bá fi kún ìwúwo ẹrù, má fi kún ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ tí o bá fi kún ọ̀nà, jẹ́ kí ẹrù wà bó ṣe wà. Ìgbà tí pọ́ùn 45 bá ti mọ́ ọ lára ni kí o tó máa ronú nípa ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ní àwọn ọjọ́ yòókù, sáré láìgbé nǹkan kan, kí o sì gbé irin fún itan, ẹ̀yìn àti èjìká, nítorí àwọn ni wọ́n máa gba ẹrù náà lọ́wọ́ orúnkún rẹ. Má sì máa fi ẹrù sáré níbi ìmúrasílẹ̀. Ìgbésẹ̀ kúkúrú tó yá ni kí o fi kọ́ra.

Òṣùwọ̀n tí gbogbo ọmọ ogun mọ̀ ni máìlì 12 láàárín wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú pọ́ùn 35, èyí tí wọ́n ń lò ní Ranger School àti fún àmì ẹ̀yẹ Expert Infantryman. Ìṣẹ́jú 15 fún máìlì kan nìyẹn. Ó dára kí o lè ṣe é, àmọ́ ní Mackall, ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó, tàbí iye wákàtí tí wọ́n là sílẹ̀. Wọ́n á ní kí o máa lọ, o ò sì ní dúró títí wọ́n á fi ní kí o dúró. Pọ́ùn 45 tí wọ́n ń sọ yẹn gan-an, omi àti oúnjẹ kò sí nínú rẹ̀, ìbọn sì wà lọ́wọ́ rẹ. Nítorí náà, nígbà mìíràn, bọ́ aago ọwọ́ rẹ sílẹ̀, kí o ní kí ọ̀rẹ́ kan yan ọ̀nà fún ọ láìsọ bó ṣe gùn tó. Ara tó ti mọ iye tó kù yàtọ̀ pátápátá sí ara tí kò mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ roro wá kù. Iyanrìn ni ilẹ̀ agbègbè yẹn, ó máa ń wọ bàtà, ó sì máa ń ha ẹsẹ̀ bí ìgbà tí a fi pépà ìhagi ha á. Wọ bàtà tí o máa lò níbẹ̀ láti ìsinsìnyí, kí awọ rẹ̀ ti rọ̀ kí o tó lọ. Ẹsẹ̀ a máa wú bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, nítorí náà bàtà tó bá ọ mu rẹ́gí láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ lè máa fún ọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹwàá. Wọ ìbọ̀sẹ̀ tín-ínrín sínú, kí o wọ èyí tó nípọn lé e, kí ó lè jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ méjèèjì ni wọ́n á máa ha ara wọn dípò kí wọ́n máa ha awọ ara rẹ. Gígé èékánná ẹsẹ̀ náà ní ọ̀nà tirẹ̀: gé e tààrà, má gé igun rẹ̀ wọnú. Nígbà tí ojú kan bá ti ń gbóná ní ẹsẹ̀ rẹ ni kí o dúró, kí o lẹ teépù mọ́ ọn, kí ó tó di roro. Bí ó bá ti di roro, fi abẹ́rẹ́ tí o ti fọ̀ mọ́ gún un létí, fún omi rẹ̀ jáde, má bó awọ rẹ̀ kúrò, kí o sì bò ó.

Àrẹ̀mú Atọ́nà

Ẹ̀gbọ́n Sájẹ́ńtì, mo gba gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé ẹsẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú fún àbúrò yìí. Ó ti sọ fúnra rẹ̀ pé ọwọ́ òun kò mọ́ máàpù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀ sí jù, nítorí pé ẹni tó ń yára rìn lọ síbi tí kò yẹ, ṣe ló ń fi agbára ra ìjìnnà.

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Wọ́n á jí ọ nínú òkùnkùn, wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà ibi tí o wà àti ti ibi tí o ń lọ, o máa yà á sórí máàpù 1:50,000, níbi tí sẹ̀ǹtímítà kan ti dúró fún mítà 500, ìwọ nìkan ni o sì máa lọ. O kò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. O kò gbọ́dọ̀ rìn lójú ọ̀nà. Gígé e kọjá nìkan ni wọ́n gbà fún ọ. Àwọn tó bá yọ́ rìn lójú ọ̀nà nítorí pé igbó le ni wọ́n máa ń tètè dá padà sílé, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìwà ni wọ́n ń fi ìyẹn dán wò.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí o fi kọ́ra títí o kò fi ní máa ronú kí o tó ṣe wọ́n. Mọ iye ìgbà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ ń kan ilẹ̀ láàárín 100 mítà, kì í ṣe lórí pápá tó tẹ́jú nìkan, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹrù, lórí òkè, nínú igbó àti lóru, torí pé iye náà máa ń yí padà. So okùn ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ àpò rẹ, kí o máa fa ìlẹ̀kẹ̀ kan sísàlẹ̀ fún gbogbo 100 mítà, torí pé bí àárẹ̀ bá mú ọpọlọ, kò ní rántí bóyá ọgọ́rùn-ún kẹfà ló parí tàbí ìkeje. Lẹ́yìn èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àríwá orí máàpù àti àríwá tí kọ́ńpáàsì ń tọ́ka sí. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ máàpù, kò sì tó nǹkan lójú, ṣùgbọ́n bí o bá fi ìwọ̀n (digírì) mẹ́jọ ṣìnà fún kìlómítà kan péré, o ti yà tó nǹkan bíi 140 mítà kúrò níbi tí o ń lọ. Ìkẹta ni pé kí o máa ka ìrísí ilẹ̀ láti ara àwọn ìlà ìga tó wà lórí máàpù, kí o lè fojú inú rí òkè àti kòtò kí o tó dé ibẹ̀.

Kí o tó gbéra, wá ohun kan tó wà lẹ́yìn ibi tí o ń lọ, bóyá odò tàbí ọ̀nà, tí o fi máa mọ̀ pé o ti kọjá ààyè bí o bá dé ibẹ̀. Sì ṣọ́ra fún àwọn ojú omi tí igbó dí pa. Èyí tí gbogbo ẹni tó ti lọ síbẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni Bones Fork: ẹ̀gún, ẹrẹ̀ tó ń gbé ẹsẹ̀ mì, àti okùn igbó tó ń fa àpò ẹ̀yìn padà. Lórí máàpù, ìlà búlúù kékeré kan ni o máa rí. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé kí o rìn yí i po kìlómítà kan yá ju kí o là á kọjá lọ.

Sájẹ́ńtì Àtijọ́

Àrẹ̀mú sọ òótọ́, mo sì fara mọ́ ọn. Mo kàn fẹ́ fi kún un pé ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í lè ka máàpù dáadáa. Kọ́ méjèèjì pa pọ̀: gbé ẹrù ọ̀sẹ̀ rẹ wọ igbó pẹ̀lú kọ́ńpáàsì, dípò kí o máa gbé e rìn lójú ọ̀dà.

Ará Ìlú Ọba

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ọ̀dọ̀ wa ní Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Àwọn tó ń lọ fún ìdánwò SAS, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkànṣe tiwa, níhìn-ín ń gun àwọn òkè Brecon Beacons ní Wales. Orí Pen y Fan, tó ga ní mítà 886, ni wọ́n ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì nínú ìrìn kìlómítà 24 kan, ìrìn tó sì gùn jù lọ tó nǹkan bíi kìlómítà 64. Ohun tó jọ tiyín ni pé kò sí ẹni tó ń pariwo mọ́ni. Olùkọ́ á kàn wo aago, á kọ nǹkan sínú ìwé, á sì yíjú padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti mọ́ lára kí wọ́n máa gbọ́ ariwo tàbí ìyìn ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń fọ́ ọkàn wọn.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an ni ọ̀rọ̀ ooru. Ní oṣù Keje ọdún 2013, àwọn ọmọ ogun ìpamọ́ mẹ́ta kú nítorí ooru lẹ́yìn irú ìrìn yìí lórí àwọn òkè kan náà. Ẹni tó ti pinnu pé òun kò ní fi ìdánwò sílẹ̀ kì í sọ pé nǹkan ń ṣe òun, ooru sì máa ń da ọpọlọ rú kí onítọ̀hún tó mọ̀. Bí o kò bá làágùn mọ́ nígbà tí ara rẹ gbóná, tàbí tí o ń ṣe ségesège, sọ̀rọ̀. O lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ ṣeun, Ará Ìlú Ọba. Ẹ jẹ́ kí n fi ti omi kún un, nítorí pé ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń gbà àwọn ọmọ ogun ni kí wọ́n ṣáà máa mu omi, èyí kò sì pé. Omi lásán tó pọ̀ jù láìsí iyọ̀ lè fa kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé ọpọlọ á wú, ènìyàn sì lè kú. Ìlànà ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ni pé omi tí ènìyàn ń mu kò gbọ́dọ̀ ju kúọ́ọ̀tì kan àbọ̀ lọ, nǹkan bíi lítà 1.4, láàárín wákàtí kan. Jẹ oúnjẹ tí wọ́n bá fún ọ, pàápàá èyí tó ní iyọ̀, bí kò tilẹ̀ wù ọ́ jẹ.

Ohun kejì kan àwa Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ṣé o mọ jẹ́nótáìpù rẹ? Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ló máa ń mú wa béèrè AS, a kì í sì í kà á sí nǹkan kan fún ẹni tó ń gbé e. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2016 lórí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà adúláwọ̀ tó lé ní 47,000 fi hàn pé àwọn tó ní AS kò kú ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n ewu kí iṣan wọn fọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ nítorí iṣẹ́ àṣekúdórógbó fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn yòókù lọ. Èyí kò ní kí o má lọ o. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí o fi díẹ̀díẹ̀ mú ara rẹ le, kí o sì sọ fún dókítà ibẹ̀. Bí ìtọ̀ rẹ bá dúdú bíi kóòkì, tí iṣan rẹ sì le gbagidi, ilé ìwòsàn ni kí o gbà lọ lójú ẹsẹ̀, torí kíndìnrín ló máa fara gbá a.

Ọ̀dọ́ Tó Ń Bọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì wọ iṣẹ́ ológun, káàdì ìgbélùú ni mo ní. Wọ́n ní ọ̀nà kan wà tí ará ìlú lè gbà wọlé tààrà, tí wọ́n ń pè ní 18X. Ṣé mo lè gbà á?

Akọni Orí Òkè

Káàdì ìgbélùú tó. Ọ̀pọ̀ wa ló fi wọṣẹ́.

Àrẹ̀mú Atọ́nà

Ó tó láti wọ iṣẹ́ ológun lápapọ̀, Akọni, kò tó fún Special Forces. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbà, nítorí pé ó gbọ́dọ̀ lè gba àṣẹ láti mọ àṣírí ìjọba. Ọ̀dọ́, o lè fi káàdì rẹ wọ ẹ̀ka mìíràn, kí o di ọmọ orílẹ̀-èdè nípasẹ̀ iṣẹ́ náà, kí o tó wá béèrè. Nígbà tí o bá ń kọ fọ́ọ̀mù SF-86 fún àṣẹ yẹn, wọ́n á béèrè nípa òbí rẹ, àwọn tí ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá àti àwọn àna rẹ tí wọn kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, àti nípa owó tí o ń fi ránṣẹ́ sí wọn. Kọ gbogbo rẹ̀. Ẹbí tó wà nílé kì í dédé ba ìwé jẹ́, fífi wọ́n pamọ́ ló ń bà á jẹ́.

Sájẹ́ńtì Àtijọ́

Ọ̀nà 18X ní ewu tirẹ̀ náà. Wọ́n á kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n á rán ọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìfò láti ojú òfuurufú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí o tó lọ sí Mackall. Bí wọn kò bá wá yàn ọ́, ibi tí ilé iṣẹ́ ológun bá nílò rẹ ni wọ́n á fi ọ́ sí, àdéhùn rẹ sì ń lọ. Ọmọ Akin ní iṣẹ́ tó lè padà sí.

Akin, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Lẹ́yìn tí o bá ti dá rìn nínú igbó, wọ́n á kó yín pọ̀ sí ẹgbẹ́, wọ́n á fún yín ní igi gígùn, táyà àti okùn, wọ́n á ní kí ẹ so wọ́n pọ̀ kí ẹ sì gbé ẹrù ńlá kan gba inú iyanrìn kọjá. Ẹnì kan á jẹ́ olórí lónìí, ẹlòmíràn á jẹ́ ẹ lọ́la. Ní ìparí, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ máa kọ ẹni tó dára àti ẹni tí kò dára nínú yín. Mo ti rí alágbára tí wọ́n kọ̀ níbẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí kì í ṣe òun ni olórí, ibi tó fúyẹ́ jù lára igi ló máa ń wà. Ìwọ tí o mọ̀ nípa ẹrù àti bí a ṣe ń dì í, ìmọ̀ rẹ máa wúlò níbẹ̀, àmọ́ bí o bá sọ ọ́ bí ẹni tó mọ̀ jù, wọn ò ní gbọ́. Ènìyàn 12 ló máa ń wà nínú ẹgbẹ́ Special Forces kan, oníṣègùn méjì, onímọ̀ ìbọn méjì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè wà níbi tí kò sí ẹlòmíràn tó sọ èdè wọn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ènìyàn kò lè gbé ibẹ̀.

Pápá ìdènà tí wọ́n ń pè ní Nasty Nick náà wà níbẹ̀. Orúkọ Nick Rowe ni wọ́n fi pè é, ọ̀gágun tó lo ọdún márùn-ún nígbèkùn àwọn Viet Cong, ìyẹn àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó bá Amẹ́ríkà jà nínú ogun Vietnam, kó tó sá àsálà lọ́dún 1968. Okùn gígùn àti ibi gíga ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ibi gíga bá ń bà ọ́ lẹ́rù, wá pápá kan fi kọ́ra báyìí.

Ìyàwó Sójà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bí ẹni pé bí wọ́n bá ti yàn án, ó ti parí. Ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé e máa ń gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti àwọn oníṣègùn ló sì gùn jù. Wọ́n ń kọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè níbẹ̀, wọ́n sì ń fi ìdánwò ńlá tí wọ́n ń pè ní Robin Sage parí rẹ̀ láàárín àwọn ará ìlú ní North Carolina. Bí o bá ní aya, jẹ́ kó mọ èyí kí o tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Fún àwọn obìnrin tó ń ka èyí: láti ọdún 2016 ni gbogbo iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ti ṣí sílẹ̀ fún wa, obìnrin sì ti yege nínú ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún 2020.

Ọmọ Akin

Ẹ ṣeun gan-an, mo dúpẹ́. AA ni mí, Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́. Mo ti dín ẹrù kù sí 30, mo sì ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi kọ́ńpáàsì díje nínú igbó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ti omi ló kù. Báwo ló ṣe le tó?

Ará Ìlú Ọba

Ohun tí mo kà nínú ìlànà tiyín ni mítà 50, pẹ̀lú aṣọ ológun àti bàtà lẹ́sẹ̀, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀nà náà kò jìn, bàtà ló ń fa ẹsẹ̀ sísàlẹ̀. Wá olùkọ́, kí o kọ́ bí a ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ lúwẹ̀ẹ́, tí orí ń wà lókè omi tí èémí kò sì ń tán kíákíá. Ìgbà tí o bá ti lè wẹ 200 mítà láìdúró nínú aṣọ ìwẹ̀ ni kí o tó wọ aṣọ àti bàtà, kí ẹni tó mọ omi dáadáa sì dúró létí adágún ní gbogbo ìgbà tí o bá ń dán an wò. Má ṣe é ní ìwọ nìkan, má sì máa di èémí mú lábẹ́ omi láti fi hàn pé o lágbára. Àwọn ọmọ ogun tó mọ̀wẹ̀ dáadáa ti dákú sínú omi báyẹn láìmọ̀ pé ó ń bọ̀.